Pèrègún Ààlà Nínú Ọkọ̀ Ojú Irin

Sí Fátókun ọmọ mi ní Èbúté Mẹ́ta,

Ṣé ara le? Ṣé ara ìyàwó wa ti ń mókun, ṣé ọmọ tuntun náà ń mu ọmú bí ọmọ Ẹdẹ? Ọ̀ṣun á tù ú lára, ibi tó bá fẹsẹ̀ tẹ̀ kò ní gbóná. Níbí, ìyá rẹ ti jó ijó ayọ̀ títí ògiri ẹ̀yìnkùlé fi ya.

Ọ̀rọ̀ ẹrù ìsọmọlórúkọ ni mo fẹ́ sọ. O rántí Jacob agbaṣẹ́ṣe, tó háyà igun kan nínú yàrá ẹrù ọkọ̀ ojú irin lọ́wọ́ àwọn rélùwéè. Láti ìgbà tí iṣu ti jáde ló ti bu díẹ̀ fún mi níbẹ̀, mo sì gbé àkùkọ fún un ní ìṣákọ́lẹ̀, bí a ti ń ṣe fún ẹni tó bá fún wa nílẹ̀ dáko. Ilẹ̀ tí kò ní ààlà, ìjà ló ń hù níbẹ̀, nítorí náà mo gbin pèrègún sínú ìkòkò, mo gbé e sáàárín ẹrù mi àti tirẹ̀. Pèrègún yẹn lọ Èkó, ó bọ̀, ó tún yọ ewé tuntun. Èmi bàbá rẹ kò tíì dé Èkó rí.

Lánàá mo gbé obì, ataare, oyin àti iṣu tó ga ju ọ̀gá tésàn lọ dé tésàn Ẹdẹ. Ni ọ̀gá tésàn bá rí pèrègún. Igbe rẹ̀ dé Ṣẹ́kọ́nà, ewúrẹ́ ibẹ̀ sá wọgbó. Ó ní òfin kò gbà kí ẹni tó háyà àyè nínú ọkọ̀ tún háyà rẹ̀ fún ẹlòmíràn, pé ẹrù Jacob nìkan ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ìjọba ló ni ọkọ̀. Mo ní irú òfin yẹn wà ní abúlé wa Alájué náà, àfi bí olórí ẹbí tó nilẹ̀ bá gbà, kí ó sáà fi ilé olórí ẹbí ìjọba hàn mí, kí n gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ bá a. Ó ní kí wọ́n já ẹrù mi sílẹ̀. Jacob ti sá sẹ́yìn àpò èkùrọ́.

Ọmọ mi, ọkọ̀ ti ń fọn fèrè, ọmọ-ọmọ mi àkọ́kọ́ sì fẹ́ gba orúkọ láìtọ́ oyin ilé bàbá rẹ̀ wò. Mo jókòó lórí iṣu, mo ní obì ìsọmọlórúkọ nìyí o. Ara ọ̀gá tésàn rọ̀. Ó ní òfin tó dá Jacob lẹ́kun kò ní kí èmi má fi ẹrù ránṣẹ́ lórúkọ ara mi, kí n sanwó bí gbogbo ayé. Mo san, gbogbo tésàn ń kí mi kú ewu ọmọ. Ó ku pèrègún. Ó ní kò sí ààlà nínú ọkọ̀ ìjọba. Mo ní ó dáa, ẹrù ni òun náà, mo sanwó tirẹ̀.

Bó bá dé, gbé e sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí o háyà, kí onílé mọ ibi tí tiwa dé. Ṣùgbọ́n má bu igun kankan fún ẹlòmíràn o, òfin ni.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kí èmi náà wá lórúkọ ara mi. Fi ti ìyá rẹ kún un, ó ní pèrègún kò ní dé Èkó ju òun lọ. Máa pe ọmọ náà ní Àkànkẹ́ kí a tó dé. Yóò dàgbà, yóò nílẹ̀, kò ní san ìṣákọ́lẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Èmi bàbá rẹ,
Ògúndèyí, Alájué.