Àwòrán Yìgì Fàìzà

Treichville, Abidjan

Làtífù àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó, mo kí Ìyá wa. Ara mi le, àfi orúnkún tó ń ráhùn. Ara Fàìzà ọmọ rẹ dá nílé ọkọ.

Àwòrán yìgì rẹ̀ tí o ń retí ni mo ń sá fún. Mo pàṣẹ pé fíìmù nìkan la ó fi yà á, bíi ti kíláàbù ayàwòrán wa tí mo jẹ́ tísà rẹ̀. Ràdíyàtù, tí a kò gbà sí kíláàbù, gbé kámẹ́rà nùmérìkì, èyí tí kì í lo fíìmù, dé. Mo ní, "Tẹlifíṣọ̀n nìyẹn. Bọ́ sẹ́yìn!"

Àṣé fíìmù mi kò há mọ́ kẹ̀kẹ́ inú kámẹ́rà. Mo ń tẹ̀, kò yí. Nígbà tí mo fọ̀ ọ́, òfo ni.

Ràdíyàtù ti rọra ya tirẹ̀ láti ẹ̀yìn. "Tísà, ẹ gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ dí ìyàwó." Àgbádá mi ló kún inú gbogbo àwòrán náà. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ojú Fàìzà ti hàn. Òun ni mo fi ránṣẹ́.

A ti gba Ràdíyàtù sí kíláàbù. Èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́. Fàìzà ní kò ṣe nǹkan kan, ìyẹn gan-an ló ń tì mí lójú. Jọ̀ọ́, má bi í nípa àwọn àwòrán yòókù.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí o fi ojú ara rẹ rí ọmọ rẹ láìpẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Lúkmánì