Fóònù Tó Bọ́ Sínú Kànga àti Gbèsè Tí N Kò Mọ̀

Ọmọ mi àtàtà,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n ka àwọn ohun tí kò jẹ́ kí n sùn láti ìgbà tí o ti pè wá lórí ọ̀rọ̀ báǹkì, kí o lè mọ irú ojú tí mo fi ń kọ ìwé yìí. Èkíní, orúkọ mi tí wọ́n ní ó wà nínú ìwé àwọn ajigbèsè. Èkejì, ààrò búrẹ́dì rẹ, tí ẹni tó ni ín lè lọ tà fún ẹlòmíràn nítorí tèmi. Ẹ̀kẹta, bóyá àwọn ọlọ́pàá mọ ilé wa. Ẹ̀kẹrin, bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, bóyá àárọ̀ kùtù ni wọ́n máa wá, torí n kò fẹ́ kí wọ́n bá mi nínú aṣọ tí mo fi ń sùn. Ẹ̀karùn-ún, ajá aládùúgbò tó ń gbó, ṣùgbọ́n ìyẹn kò kan báǹkì. Fọkàn balẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti yanjú, àfi ti ajá.

Ó yá, mo kí ọ o. Báwo ni ara, báwo ni iṣẹ́ àjíṣe? Ṣé o ń rántí jẹun kí o tó máa po ìyẹ̀fun fún ẹlòmíràn? Àdúrà wa ni pé ilẹ̀kùn tí o bá kàn, kí ẹni tó wà nínú ilé máa dá ohùn rẹ mọ̀, kí iná tí o bá dá máa jó fún ọ, kó má jó ọ lọ́wọ́. Màmá rẹ kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀. A ti rí ẹni bá wa lẹ páànù tó ń jò lókè ìdáná, ó wá ku èyí tó ń jò lókè ibùsùn mi, a sì ti gbé korobá sábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí o pè lọ́jọ́ yẹn, tí o ní báǹkì tó fẹ́ yá ọ lówó ààrò ti yẹ orúkọ mi wò gẹ́gẹ́ bí onídùúró rẹ, tí wọ́n sì rí i pé mo jẹ báǹkì mìíràn lówó tí mo kọ̀ tí n kò san, mo rò pé kì í ṣe èmi lò ń bá sọ̀rọ̀. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún ṣe akọ̀wé ní sọ́míìlì, tí pákó kan kò sọnù lójú mi. Oúnjẹ tó wà lẹ́nu mi, ńṣe ni mo kàn ń yí i kiri. Màmá rẹ wò mí, ó bi mí pé ta ló kú. Mo ní orúkọ mi ni. Ó ní ṣé kí òun gbé abọ́ náà kúrò nígbà náà.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ kóòtù tí mo fi fẹ̀yìn tì, mo fa fìlà bo iwájú orí, mo gba báǹkì tí wọ́n ní mo jẹ lówó lọ, ẹ̀ka wọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Èrò mi ni pé wọ́n á ti lẹ àwòrán mi mọ́ ògiri, nítorí náà mo kọ́kọ́ wo ògiri yíká. N kò rí ara mi. Àwòrán ńlá kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀, wọ́n gbé ọmọ jòjòló dání, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Àánú wọn ṣe mí. Mo ní irú gbèsè wo ni ọmọ ọwọ́ jẹ, kí ló sì ń pa àwọn òbí rẹ̀ lẹ́rìn-ín. Mo bi obìnrin tó ń gbowó nídìí fèrèsé, ó ní ìpolówó ọjà ni. Mo ní mo ti gbọ́, ṣùgbọ́n mo ṣàdúrà fún ọmọ náà síbẹ̀.

Máníjà wọn, ọmọbìnrin kan tí kò lè jù ọ́ lọ, ní kí n jókòó. Ó ní àkáǹtì tí mo fi ń san owó ilé-ìwé rẹ ló dá wàhálà sílẹ̀. Mo ní mo ti kó gbogbo owó inú rẹ̀ lọ́dún tí o ṣetán, mo sì dágbére fún wọn tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní òótọ́ ni, mo kó owó, ṣùgbọ́n n kò ní kí wọ́n ti àkáǹtì náà pa. Ó ní àkáǹtì tó bá ṣí sílẹ̀, oṣooṣù ni àwọn ń yọ owó ìtọ́jú lórí rẹ̀, àwọn á sì tún yọ owó àtẹ̀jíṣẹ́ tí àwọn fi ń sọ fún mi pé àwọn ti yọ owó. Mo ní kí ni wọ́n ń tọ́jú níbi tí kò sí nǹkan kan. Ó ní bí ètò ṣe rí nìyẹn. Owó tí wọ́n ń yọ níbi tí kò sí owó ló di gbèsè, gbèsè náà pọ̀ títí ó fi tó owó bàtà kan, ni wọ́n bá fi orúkọ mi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tọ́jú ìwé ajigbèsè.

Mo ní kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò pè mí. Ó ní ìgbà gbogbo làwọn ń kìlọ̀ fún mi, ó sì ka nọ́ńbà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi létí. Nọ́ńbà fóònù mi àtijọ́ ni, èyí tó yọ́ bọ́ lápò mi sínú kànga lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ láti fa korobá. Mo ní nígbà náà mo wá sọ fún wọn pé nọ́ńbà mi ti yí padà. Ó bi mí pé ta ni mo sọ fún. Mo ní ọ̀gá wọn tó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ni, tó wọ fìlà, tó ń ṣílẹ̀kùn. Máníjà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Ó ní ẹ̀ṣọ́ ni ìyẹn o, Bàbá. Ọmọ mi, ibo ni mo ti fẹ́ mọ̀? Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló wọ fìlà, òun nìkan ló sì ń kí èèyàn dáadáa.

Mo ní kí n san owó bàtà náà kí ọ̀rọ̀ tán. Ó ní mo lè san án, ṣùgbọ́n àmì yẹn á ṣì wà lára orúkọ mi fún ọdún mélòó kan, báǹkì tìrẹ kò sì ní gba onídùúró tó ní irú àmì bẹ́ẹ̀. Ó ní àfi bí mo bá lè fi hàn pé ìkìlọ̀ wọn kò dé ọwọ́ mi.

Mo ronú lórí ìyẹn títí mo fi délé. Mo ní lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò já, ṣebí ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé wọn ò kà á. Fóònù náà ṣì wà nísàlẹ̀ kànga. Àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ náà á ti tò jọ sínú rẹ̀, oṣù lórí oṣù, láìjá. Bí mo bá gbé e síwájú máníjà bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ parí. Mo bá ránṣẹ́ pe agbẹ́kànga.

Ó bi mí pé kí ló bọ́ sí i. Mo ní fóònù ni. Ó ní láti ìgbà wo. Mo ní láti ọdún mẹ́rin. Ó wo màmá rẹ, màmá rẹ ń wo òkè. Ó ní kò burú, òun á sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n owó ìsọ̀kalẹ̀ ọ̀tọ̀, owó ìgòkè ọ̀tọ̀. Ó wọ inú rẹ̀ lọ títí orí rẹ̀ fi pòórá, èmi ń pariwo látòkè pé kó rọra, kó má lọ tẹ bọ́tìnnì kankan, kó má bá mi ṣí àtẹ̀jíṣẹ́ wò. Ó kọ́kọ́ gbé korobá jáde, ó tún gbé ife onírin jáde, ife tí màmá rẹ torí ẹ̀ bá ìyá tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa yan odì. Ó ti lọ bẹ̀ ẹ́ báyìí. Lẹ́yìn náà ló gbé fóònù náà fún mi, ẹrẹ̀ di ojú rẹ̀. Mo nù ún, mo sá a sóòrùn, mo ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kò tàn.

Màmá rẹ, tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ní bó bá jẹ́ ohun tó wà lórí nọ́ńbà yẹn ni mò ń wá, kí ló dé tí n kò pe nọ́ńbà náà. Mo ní báwo ni mo ṣe fẹ́ pe ara mi. Ó ní kí n ṣáà pè é, bó bá jẹ́ pé èmi ni mo gbé e, kí n bá òun kí mi.

Mo bá pè é. Ó dún. Obìnrin kan ló gbé e. Màmá rẹ pa ẹ̀wà tì, ó sún mọ́ mi. Mo sọ fún obìnrin náà pé èmi ni mò ń lo nọ́ńbà rẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé wọ́n ní mo jẹ báǹkì lówó. Ó mí kanlẹ̀, ó ní àṣé èmi rèé, láti ọjọ́ yìí tí òun ti ń wá mi.

Ó ní òun ń sin adìyẹ, òun ń ta ẹyin, ìlú tí òun ń gbé sì jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa. Ó ní kété tí òun ra nọ́ńbà náà ni báǹkì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ pé òun jẹ gbèsè. Ó rò pé bóyá ọkọ òun tó ti di olóògbé ló jẹ ẹ́ tí kò sọ. Ó ta àgbébọ̀ méjì tó ń yé dáadáa, kí owó lè wà nílẹ̀ dè wọ́n. Nígbà tó yá ló gbé fóònù náà lọ sí ẹ̀ka báǹkì náà nílùú wọn, ó ní kí wọ́n wò ó, òun kò ní àkáǹtì lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ń ránṣẹ́ sí ẹni tí kì í ṣe òun. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, àtẹ̀jíṣẹ́ kò dáwọ́ dúró. Ó tún lọ. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ sí i.

A bá ara wa sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó bi mí bóyá mò ń rí oorun sùn, mo ní rárá, ó ní òun náà. Mo bi í nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló ní in, ṣùgbọ́n òun ń retí tòun. Inú mi dùn pé ẹni tó mọ àníyàn ṣe ni nọ́ńbà mi bọ́ sí lọ́wọ́. Ká ní ẹni tí kì í bìkítà ni, ì bá ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi àti màmá rẹ padà sí báǹkì, a fi fóònù pe ẹlẹ́yin náà sójú máníjà, ó rò fún un fúnra rẹ̀. Máníjà ń tẹ kọ̀ǹpútà, ó ń tẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ wá yí padà. Ó ní ẹ̀sùn obìnrin náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, àwọn ti mọ̀ pé nọ́ńbà náà kì í ṣe tèmi mọ́ kí àwọn tó fi orúkọ mi ránṣẹ́. Ó ní ẹ̀bi àwọn ni. Màmá rẹ ní kó tún un sọ, etí òun kò gbọ́ dáadáa. Ìwọ náà mọ̀ pé kò sóhun tó ṣe etí màmá rẹ. Máníjà tún un sọ.

Wọ́n pa gbogbo owó náà rẹ́, wọ́n ní àwọn á kọ̀wé kí wọ́n yọ àmì náà kúrò. Mo ní kí wọ́n ti àkáǹtì náà lójú mi. Ó tẹ nǹkan kan, ó ní ó ti tì. Mo ní kó fà á wò.

Àná ni wọ́n pè mí pé àmì náà ti kúrò pátápátá. Mo jókòó sórí àga tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo kàn ń pe orúkọ mi jẹ́ẹ́, tèmi àti ti bàbá mi tó tẹ̀ lé e, bí ẹni ń dán aṣọ tó gbà lọ́wọ́ télọ̀ wò. Màmá rẹ kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó gbé omi wá fún mi, ó jókòó tì mí.

Inú mi dùn pé ẹni tó ni ààrò gbà láti dúró dè ọ́ di Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, tí màá wá fọwọ́ sí ìwé onídùúró rẹ. Fi ọwọ́ ara rẹ tan ààrò náà kí o tó sanwó, kí o sì wo ilẹ̀kùn rẹ̀ bóyá ó ń dé. Lọ́jọ́ tí o bá sì san gbèsè báǹkì tán, jọ̀ọ́, ní kí wọ́n ti àkáǹtì náà, má kàn dágbére.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó díẹ̀. Agbẹ́kànga ti gba owó ìsọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n ti ìgòkè ṣì wà nílẹ̀, tó bá sì ń kọjá báyìí, á gbé okùn rẹ̀ kọ́ èjìká kí n lè rí i. Mo tún fẹ́ ra àgbébọ̀ méjì padà fún ẹlẹ́yin náà. Kò béèrè o, ó kàn wù mí ni. Fi owó ọkọ̀ mi kún un. Má fi ránṣẹ́ sínú àkáǹtì kankan, fi lé awakọ̀ lọ́wọ́, kí n mọ ẹni tí màá bi léèrè.

Kí ọwọ́ rẹ máa mú èrè wálé. Kí búrẹ́dì rẹ máa wú, kí àwọn oníbàárà máa tò síta kó tó jinná. Kí ẹni tó bá gbọ́ orúkọ rẹ níbikíbi má ṣe fajú ro. Bàbá rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀, màmá rẹ sì ṣe àmín.

Màmá rẹ ní ìrìn wákàtí mẹ́ta péré ni láti ibí dé ọ̀dọ̀ rẹ, kí n wọkọ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà. Mo gbọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n táyà lè bẹ́, òjò lè gé ọ̀nà, awakọ̀ lè ṣàìsàn, ibi tí mo ti fẹ́ fọwọ́ síwèé sì lè ní àtẹ̀gùn. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù yìí, ni màá gbéra.