Bàbá, Mo Ti Gbé Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Dúró

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ má wo bí ìlà ìwé yìí ṣe rí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ ọ́. Mo kan igi pẹlẹbẹ pọ̀ yí ká bébà, mo wá ta okùn tẹ́ẹ́rẹ́ sí i láàárín, okùn yẹn ló ń sọ fún ọwọ́ mi ibi tí ìlà kan wà àti ibi tí òmíràn máa gbà. Bí ọ̀rọ̀ bá gun ara wọn lórí, ẹ fojú fò ó. Ẹ̀yin náà kì í kọ ìwé sórí bébà nígbà ayé yín. Ara pákó ni ẹ máa ń kọ gbogbo nǹkan sí, ẹ óò sì tún fá a kúrò kí onípákó tó dé.

Ìròyìn tí mo mú wá kò pọ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti dúró, èmi ni mo sì gbé e dúró.

Nígbà tí ẹ lọ, mo ṣì ń rí ojú abẹ́rẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti ń gbé aṣọ súnmọ́ fèrèsé kí n tó rán an. Mi ò sọ fún yín, torí àìsàn tara yín tó yín í gbé. Lẹ́yìn ìsìnkú yín, etí ohun gbogbo bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú díẹ̀díẹ̀, òkùnkùn náà ń bọ̀ wá sáàárín. Dókítà ní Àjàṣẹ́ sọ pé omi inú ojú ló ń tẹ ojú náà pa, pé èyí tó ti lọ kò ní padà mọ́. Mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo kúrò ní Sakété, mo padà sínú ilé yín ní Pobè. Kò sí ògiri kan níbẹ̀ tí ara mi kò mọ̀. Mo mọ ibi tí ilẹ̀ ti ga, mo mọ ibi tí àjà ti rẹlẹ̀, mo sì mọ̀ pé bí ọkọ̀ ńlá tó ń kó sìmẹ́ǹtì láti Onigbolo bá ń kọjá lójú títì, àwo orí pẹpẹ á máa gbọ̀n.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí ló ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kúrò lára ògiri. Ikán ti jẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì ti jẹ òpó tí wọ́n gbé e kọ́. Nígbà tí atẹ́gùn dé, ó wó sínú ilé. Ewúrẹ́ àwọn ará àdúgbò wọlé, wọ́n jẹ èlùbọ́ mi, wọ́n da omi mímu nù. Mo ń gbọ́ wọn, mo ń fi ìgbálẹ̀ lé wọn, mo sì ń na atẹ́gùn lásán.

Àkọ́bí yín, Ẹ̀gbọ́n Àkànní, wá láti Sakété nígbà tó gbọ́. Ó ń ṣòwò àgbàdò àti gàrí níbẹ̀, ara rẹ̀ le. Ó dúró lórí ilẹ̀kùn tó wó yẹn, ó ní, “Àbúrò mi, ẹnì kan kì í dá gbé inú ilé tí kò ní ilẹ̀kùn. Wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Bí mo bá ti kó àgbàdò tán, màá wá fi ọkọ̀ kó ẹrù rẹ.” Òtítọ́ ló sọ. Ó mú mi lọ sí ilé rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kí n lọ wo bó ṣe rí.

Bàbá, wọ́n tọ́jú mi níbẹ̀. Bí mo bá dìde, wọ́n á ní kí n jókòó. Bí mo bá mú abọ́, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi. Ìyàwó rẹ̀ á fà mí lọ́wọ́ dé orí àga, á ní, “Ẹ sinmi, Àǹtí,” á sì fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kúrò lọ́dọ̀ mi. Mo sinmi títí ìsinmi fi di iṣẹ́ sí mi lára. Mo ń gbọ́ tí ilé ń lọ, tí ilé ń bọ̀, èmi nìkan ni mi ò lọ síbì kankan.

Ibẹ̀ ni mo jókòó sí ní òwúrọ̀ kan tí mo gbọ́ ayùn lẹ́yìn ọgbà. Ẹ mọ̀ pé etí mi mọ ayùn láti yàrá iṣẹ́ yín. Ẹni tó ń fà á kò kánjú. Mo bi ìyàwó Ẹ̀gbọ́n pé ta nìyẹn. Ó ní Bàbá Láoyè ni, gbẹ́nàgbẹ́nà tí ojú rẹ̀ kò ríran. Mo ní kó mú mi lọ síbẹ̀. Ó rò pé eré ni mò ń ṣe.

Bàbá Láoyè kò kí mi dáadáa. Ó bi mí pé, “Ta ló rán ọ wá?” Mo ní etí mi ni. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ju pákó kan sí mi lẹ́sẹ̀, ó ní kí n fi èékánná wá ibi tí iṣan igi náà kọjú sí. Mo pẹ́ kí n tó rí i. Nígbà tí mo rí i, ó ní, “Ó dáa. Padà wá lọ́la.”

Báyìí ni mo ṣe ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀ títí mo fi kúrò ní Sakété. Oníkanra ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sún àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Bí oníbàárà bá bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú rẹ̀, á ní, “Ẹ wo àga, ẹ má wò mí.” Ṣùgbọ́n kò fi nǹkan kan pamọ́ fún mi. Ọ̀bẹ ló fi ń fa ìlà sára igi, torí èékánná lè wọ ojú ibi tí ọ̀bẹ gé kó sì tọ̀ ọ́ lọ. Kì í fi ayùn sílẹ̀ kó dá rìn; á fi àdìmọ́, irin tí wọ́n fi ń fún pákó pọ̀, di pákó mìíràn tó gún régé mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìlà náà, kí ayùn lè fara ti í. Kì í ka ìwọ̀n. Á gbé igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí ojú àyè tó fẹ́ dí, á fi ọ̀bẹ sàmì sí i, ó parí. Eyín òòyà ló fi ń di ìṣó mú, kí ìka lè jìnnà sí òòlù. Nígbà tí ìṣó bá ti fi orí kan pákó, ohùn rẹ̀ á yí padà, ó sì kọ́ mi láti dúró nígbà tí mo bá gbọ́ ọ. Bí ìṣó bá bọ́ sílẹ̀, òòfà inú ẹ̀rọ rédíò tó ti bàjẹ́ ni à ń fà kiri ilẹ̀ láti ṣà á.

Nígbà tí mo padà sí Pobè láti tún ilẹ̀kùn náà ṣe kí Ẹ̀gbọ́n tó kó àgbàdò tán, inú yàrá iṣẹ́ yín ni mo kọ́kọ́ wọ̀. Òórùn ìrókò ṣì wà níbẹ̀, Bàbá. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń gbé pákó sí imú kí ẹ tó gé e, bí ẹ ṣe ń fi òkúta na ìṣó tó ti wọ́ kó lè tún gún, àti bí mo ṣe ń gbá ẹ̀fági tó ń já bọ́ lára pákó, tí ẹ kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan. Ẹ̀gbọ́n Àkànní ni ẹ máa ń pè, òun tí kò fẹ́ràn iṣẹ́ náà rárá. Kí ló dé? Ṣé ìka mi ni ẹ ń ṣọ́, àbí ẹnu àwọn èèyàn ni ẹ ń bẹ̀rù, torí mo jẹ́ obìnrin? Mo ti bi ara mi ní ìbéèrè yẹn lọ́nà púpọ̀, mo sì máa ń gba ọ̀kan gbọ́ ní òwúrọ̀, kí n gba èkejì gbọ́ ní ìrọ̀lẹ́.

Mo fi ìka kan ilẹ̀kùn náà kọ́ọ́kọ́ọ́ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Òkè dún bí igi, ìsàlẹ̀ dún bí igbá. Mo gé èyí tó dún bí igbá kúrò. Mo tú ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́, mo fi pákó rẹ̀ dí i. Mo gbẹ́ ibi tí ikán jẹ lára òpó, mo fi igi tó le rọ́pò rẹ̀, mo sì fi òróró ọkọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ tán pa gbogbo rẹ̀ kí ikán má baà padà. Mo gé ìka mi lẹ́ẹ̀kan. Kò jinlẹ̀.

Ìyá Sádíà, aládùúgbò wa tó ń ta epo pupa, ló bá mi di ilẹ̀kùn mú nígbà tí mò ń kàn án. A kó igi pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀ kó lè ga tó. Nígbà tí mo kàn án tán tí a fi í sílẹ̀, ilẹ̀kùn náà rọra ṣí fúnra rẹ̀. Mo tì í, ó tún ṣí. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún yín. Ìyá Sádíà ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu ọwọ́ mi. Nígbà tó yá, mo so òkúta mọ́ okùn, mo fi í kọ́ láti òkè òpó, mo wá ń fi ìka wọn àyè tó wà láàárín okùn àti òpó. Òpó ló tẹ̀. Mo tú irin àgbékọ́ ìsàlẹ̀ tó so ilẹ̀kùn mọ́ òpó, mo ká páálí sẹ́yìn rẹ̀, mo tún un kàn. Mo ti ilẹ̀kùn. Ó dúró síbi tí mo fi í sí.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Sádíà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé, “Ọmọ Bàbá, ṣé o mọ̀ pé aláwọ̀ ewé ni òkè rẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ wá pupa bí ata?” Mi ò mọ̀. A rẹ́rìn-ín títí. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Àkànní mú ọkọ̀ akẹ́rù dé lẹ́yìn ìkórè, bó ṣe wí. Mo fi ilẹ̀kùn hàn án. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan kọ́ ni ilé. Mi ò bá a jiyàn, ẹ̀gbọ́n mi ni. Òun àti awakọ̀ kó ibùsùn mi, wọ́n kó odó, wọ́n kó àpótí aṣọ, wọ́n sì fi okùn dì wọ́n. Bí wọ́n ṣe dì í tán ni òjò dé. Awakọ̀ sá sínú ọkọ̀, àwa méjèèjì sá wọlé.

Òjò náà le. Atẹ́gùn gba ẹ̀yìnkùlé wá, ó ń lu ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tí Ẹ̀gbọ́n lọ dúró níbẹ̀. Mo gbọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sókè sódò lára pákó, ó dé ibi tí mo ti so tuntun pọ̀ mọ́ ti yín, ó sì dúró níbẹ̀. Ilẹ̀ gbẹ.

Ó ní, “Fèrèsé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń jò.”

Mo ní, “Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Òun ló kàn.”

Òjò dá. Lẹ́yìn náà ó jáde, mo sì gbọ́ tó ń tú okùn ara ọkọ̀. Ó gbé ibùsùn tó ti rin náà wọlé lórí, ó ń mí gúlegúle. Ó dúró ní àárín yàrá, ó ní, “Ibo lo fẹ́ kí n gbé e sí?”

Láti ìgbà tí ojú mi ti lọ, Bàbá, ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí bẹ́ẹ̀. Mo ronú sí i dáadáa kí n tó dá a lóhùn, ó sì dúró dè mí tòun ti ẹrù lórí.

Kí ilẹ̀ tí ẹ sùn sí má ṣe wúwo lé yín láyà.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tó ń gbé ilé yín.