Ẹ Gbé Àwo Yín Padà Sáàrin Àwọn Ọmọ

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Libreville níbí. Mo kí bọ̀ọ̀dá mi Kọ́lá, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn tí ẹ jọ ń gbé ní Issaba. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Ìdòwú nílé ọkọ rẹ̀ ní Sakété. Ara mi ti yá, ọkàn mi sì balẹ̀.

Òjò ìlú yìí kò mọ ìgbà. Bó bá dá láàárọ̀, á tún padà wá nírọ̀lẹ́ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. Iṣẹ́ aṣọ rírán ń lọ dáadáa. Ará Porto-Novo ni ọ̀gá mi, èdè Gùn ló ń sọ sí mi. Bí mo bá fẹ́ mú un bínú, màá fi Ànàgó, èdè tiwa, dá a lóhùn. Àárò yín ń sọ mí, pàápàá tí mo bá ń dá jẹun.

Ẹ rántí pé kí a tó wọ mọ́tò lọ sọ́jà Pobè, ẹ máa ń sọ pé obìnrin tó ń rìnnà kì í mu omi, kó má baà máa bẹ dírẹ́bà pé kó dúró. Mo gbé ẹ̀kọ́ yẹn dé ìhín. Ṣọ́ọ̀bù wa kò ní ilé ìtọ̀, nítorí náà n kì í mu omi títí a ó fi ṣíwọ́. Lọ́jọ́ kan, ìrora gbá mi mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Nílé ìwòsàn, wọ́n ní òkúta wà nínú kíndìnrín mi. Ó ti bá ìtọ̀ jáde, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, ṣùgbọ́n igbe tí mo ké ju ti ẹni tó ń rọbí lọ.

Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, tí wọ́n rí kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní epatíìtì B. Dókítà, obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan, ní àwọn olùwádìí ti ṣàkíyèsí pé òkúta kíndìnrín wọ́pọ̀ díẹ̀ sí i lára àwọn obìnrin tí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ wà lára wọn. Wọn ò tíì mọ̀ bóyá ọ̀kan ló ń fa èkejì. Àìmumi tèmi náà tó láti fà á. Ṣùgbọ́n ó ní kí ẹni tó bá ní ọ̀kan máa ṣọ́ èkejì. Ẹ̀dọ̀ mi ṣì dára, wọ́n á máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó béèrè nípa ìyá mi. Mo sọ ti ọdún tí ibà pọ́njú mú yín, tí ojú yín pọ́n, àti ti ẹ̀yìn ríro tí ẹ ní epo gígún ló fà á, tí ẹ ń fi egbò tí ẹ rẹ sínú ọtí sodabì tọ́jú. Ó ní kòkòrò náà lè ti ara ìyá wọ ara ọmọ nígbà ìbí. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín o, Màmá, ẹ̀yin náà kò mọ̀. Nínú gbogbo ogún ọwọ́ yín, irun yín tó kún ni mo fẹ́, èyí lẹ wá fún mi! Ẹ jẹ́ kí Ìdòwú wá mú yín lọ sílé ìwòsàn Pobè, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín àti tirẹ̀ wò, kí àwọn ọmọ sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Owó ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi sodabì sílẹ̀, ẹ mu omi.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Látìgbà tí ojú yín ti pọ́n lẹ ti ya àwo àti ife yín sọ́tọ̀. Ẹ ń dá jẹun lẹ́yìn ààrò. Bí ọmọ Kọ́lá bá rá wá, ẹ ó lé e. Mo bi dókítà nípa rẹ̀. Ó ní àwo kì í gbé kòkòrò yìí, oúnjẹ kì í gbé e, ìfọwọ́kàn kì í gbé e. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má lo abẹ yín. Mo sunkún níwájú rẹ̀. Inú mi dùn, àmọ́ gbogbo oúnjẹ tí ẹ ti dá jẹ yẹn dùn mí. Mo jẹ́ kí wọ́n tẹ ìwé yìí jáde fún gbogbo èèyàn kà, nítorí ìyá mìíràn tó ń dá jẹun lè wà lẹ́yìn ààrò.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹ èrè ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé àti àwọn tí ẹ jọ ń gún epo. Mo ń bọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ má fọ àwo mìíràn dè mí; inú tiyín yẹn ni èmi pẹ̀lú yín ó ti jọ jẹ àkàsà.

Èmi ni ọmọ yín tó ti ń mu omi,
Abẹ̀kẹ́