Agolo Méjì Bàbá Agéṣọ

                                        Yàrá Kejì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Iṣẹ́ Aṣọ.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ikọ́ tó ń da ọmọ láàmú lọ́jọ́sí, ṣé ó ti lọ? Ara tèmi le. O ní kí n máa bá ọ ṣọ́ bàbá rẹ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí; bàbá rẹ ni mo ń fi tèmi ṣọ́. Wá ibì kan jókòó sí kí o tó ka ìyókù.

Ilé-iṣẹ́ ti gbé ètò oúnjẹ aṣaralóore kalẹ̀ fún gbogbo wa. Ọ̀fẹ́ ni oúnjẹ ọ̀sán báyìí: ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, èso, epo díẹ̀, iyọ̀ bíi pé ahun ló bù ú sí i. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, nọ́ọ̀sì á yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wa wò. Nígbà tó kan Bàbá, ẹ̀ẹ̀mejì ló wò ó. Ó ní bí kò bá wálẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé, àwọn ọ̀gá á mú wọn kúrò nídìí tábìlì ìgéṣọ, wọ́n á lọ máa ṣí géètì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nídìí tábìlì kan! O ṣáà mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Ilé ni wọ́n kàn ń lọ sùn sí.

Bàbá ní àwọn ti gbọ́. Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo rí agolo tuntun nínú àpótí iṣẹ́ wọn. Ẹfun lílọ̀ tí wọ́n fi ń sàmì sára aṣọ ló wà nínú ti àtijọ́. Iyọ̀ ló wà nínú tuntun yìí. Agolo méjèèjì jọra bí ìbejì. Bí a bá ti ń jẹun, Bàbá á kẹ̀yìn sí nọ́ọ̀sì, wọ́n á fọ́n iyọ̀ sórí oúnjẹ, wọ́n á wá máa yin Ìyá Olóúnjẹ pé ọwọ́ ẹ̀ dùn. Orí ìyá náà ń wú, torí kò sẹ́lòmíì tó ń yìn ín.

N kò sọ̀rọ̀. O mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ mí lọ́kàn.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹta, nọ́ọ̀sì lọ jókòó ti Bàbá. Ìkánjú ni wọ́n fi ki ọwọ́ bọ àpò tí agolo méjèèjì wà. Ẹ̀wà wọn funfun bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Nọ́ọ̀sì béèrè ohun tí wọ́n fọ́n sí i. Bàbá ní oògùn inú rírun ni. Ó ní ó dáa, kí wọ́n jẹ ẹ́ kí òun rí i. Ọ̀rẹ́ mi, bàbá rẹ jẹ ẹ́. Ṣíbí mẹ́ta gbáko, kí nọ́ọ̀sì tó gba àwo lọ́wọ́ wọn.

Ìyá Olóúnjẹ wá rọra béèrè pé, "Bàbá, ṣé ọwọ́ mi ṣì dùn?"

Lẹ́yìn iṣẹ́, Bàbá wá bá mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti rí agolo náà. Kí ló dé tí n kò wí nǹkan kan? Ọ̀rọ̀ kan péré ló jáde lẹ́nu mi: "Bàbá, n kò fẹ́ kí ẹlòmíì dúró nídìí tábìlì yẹn." Wọ́n gbé agolo iyọ̀ lé mi lọ́wọ́, wọ́n lọ.

Ọjọ́ Ajé tó kọjá ló pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìfúnpá wọn wálẹ̀! Nọ́ọ̀sì ní wọn ò ní kúrò nídìí tábìlì wọn mọ́, kí wọ́n ṣáà má tún padà sídìí iyọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni ẹrù tí o fi ránṣẹ́ dé: ẹ̀pà oníyọ̀, ìgò méjì. Bàbá yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọ́n gbóòórùn ìdérí rẹ̀. Wọ́n wá gbé e fún mi láìṣí i. "Gbà, bá mi jẹ ẹ́. Má sọ fún ọmọ mi o, inú ẹ̀ á bàjẹ́."

N kò sọ. Mo kọ ọ́ ni. Ìgò kan ti tán, ó sì dùn. Jọ̀wọ́, ọsàn ni kí o máa fi ránṣẹ́ sí wọn.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì fẹnu ko ọmọ lẹ́nu fún mi.

Ọ̀rẹ́ rẹ ni mí títí,
Adákẹ́.