Omi Oṣù Mẹ́jọ

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kejì
Tábìlì ìjìnlẹ̀ adágún ìlú dé láti orí omi. Nọ́ńbà tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ bí omi ṣe jìn tó lójú kan. Mo kó o sínú ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya gíráàfù, mo ní kó ṣe íńtégírà rẹ̀ — gbogbo àyè láti ojú omi dé ìsàlẹ̀. Ó ní omi tí ìlú á lò fún oṣù mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Ọ̀gá wa, tí a ń pè ní Kíákíá nítorí kì í dúró gbọ́ ìparí ọ̀rọ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Èmi ò jó. Adágún yẹn ò tóbi tó bẹ́ẹ̀ lójú mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Mo ro ìjìnlẹ̀ gbogbo pọ̀ fúnra mi, mo fi fífẹ̀ ojú kan tí wọ́n kọ sórí tábìlì sọ ọ́ di púpọ̀. Ìdajì ni mo rí. Àròpọ̀ àti íńtégírà kì í bára dọ́gba délẹ̀délẹ̀, etí adágún ló ń fà á. Ṣùgbọ́n ìlọ́po méjì? Etí nìkan ò lè fa ìyẹn.

Ọjọ́rú, 5
Mo pe ọkùnrin tó wa ọkọ̀ ojú omi ní ìlà-ìlà láti wọn adágún. Mítà mélòó láti ìlà sí ìlà? Márùn-ún. Ó dá a lójú? "Okùn ni mo fi wọ̀n ọ́n, àǹtí, kì í ṣe ẹnu."
Mẹ́wàá ló wà nínú ètò. Kọ̀ǹpútà kò mọ bí omi ṣe fẹ̀. Ohun tí a bá sọ fún un ló mọ̀. Omi oṣù mẹ́rin, nígbà náà. Ó ku oṣù márùn-ún àbọ̀ kí òjò tó lè kún un padà.

Ọjọ́bọ̀, 6
Kíákíá ní ìgbìmọ̀ ìlú ti gbọ́ oṣù mẹ́jọ, wọn ò ní dín omi kù fún ẹnikẹ́ni mọ́. Kí n ṣáà buwọ́ lu ìròyìn. Mo kọ̀. Ó ní ṣé èmi nìkan ni mo kàwé ni. Mo ní gbogbo wa la kàwé, sà, ẹ ka eléyìí. Mo gbé tábìlì síwájú rẹ̀. Kò wò ó.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Ó tún gbé ìròyìn náà wá. Mi ò buwọ́ lù ú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbọ́. Ó ní ọ̀dọ̀ bàbá wa ni mo ti jogún orí kunkun yìí, pé ẹni tó bá ń bá ọ̀gá fà á, kó ti máa wá iṣẹ́ mìíràn. Mo ní kó máa pọn omi pamọ́. Ó wá béèrè pé kẹ́ẹ̀gì mélòó.

Ọjọ́ Ajé, 10
Mo wá ẹni tó kọ mítà mẹ́wàá sínú ètò. Mo ti pọ́n ẹnu sílẹ̀ dè é.
Èmi ni. Fáìlì tí gbogbo wa ń dà kọ láti ọdún mẹ́ta, èmi ni mo ṣe é, fún adágún kékeré kan tí ìlà rẹ̀ jẹ́ mítà mẹ́wàá lóòótọ́. A ti wọn adágún mẹ́rin mìíràn lẹ́yìn ìyẹn, yàtọ̀ sí ti ìlú yìí, ìlà onímítà márùn-ún ni gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó yí i padà.
Kíákíá ti dúró lẹ́yìn mi kí n tó mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé o ti rí i báyìí? Jẹ́ kó sùn."
Mo kọ lẹ́tà. Adágún márààrún ló wà nínú rẹ̀, orúkọ mi ló sì ṣáájú: àṣìṣe náà, ọwọ́ mi ló ti wá. Mo fi ẹsẹ̀ ara mi gbé e lọ sọ́fíìsì ìgbìmọ̀. Akọ̀wé wọn ní ṣé kò lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.
Mo fa àga kan, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà alága.