Sáńṣọ̀n Tó Lé Omi Lọ

Ọjọ́bọ̀, oṣù Kejì, 1996

Ó rẹ̀ mí. Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ló gba kànga ẹ̀rọ mọ́ àdúgbò wa lọ́wọ́ lónìí.

Àwọn agbẹ́kànga ti dé tẹ̀rọ-tẹ̀rọ. Ọ̀gá wọn ní, "Kánsù ti sáńṣọ̀n iṣẹ́ yìí." Alhaji, olórí àdúgbò, tí rédíò kì í kúrò létí wọn, fò dìde.

"Sáńṣọ̀n kẹ̀? Ìyà tí òyìnbó fi ń jẹ Nàìjíríà? Kí la ṣe fún kánsù? Ẹ má fọwọ́ kan ilẹ̀ wa o!"

Mo ṣàlàyé títí pé ìtumọ̀ méjì ni ọ̀rọ̀ náà ní, ìyọ̀ǹda àti ìjìyà.

"Ìyá Rìsí, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò gbani láàyè, tí yóò tún nani?"

"Alhaji, tí ìjọba bá gbà fún wa, ṣebí a máa ń ní wọ́n fọwọ́ sí i? Ṣé kì í ṣe ọwọ́ yẹn náà ni wọ́n fi ń gbáni létí?"

Alhaji rẹ́rìn-ín títí. "Ó dáa, kí wọ́n gbẹ́ ẹ."

Ta ni yóò gbẹ́ ẹ? Àwọn agbẹ́kànga ti kó ẹ̀rọ wọn lọ sí ìlú Ojoku.

Ààbọ̀ korobá ló kù fún èmi àtàwọn ọmọ láti wẹ̀. Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ́ nílé-ẹ̀kọ́ okòwò, kò sí èyí tó lè pọnmi.